Ekòló Tí Kò Ní Eyín

Kí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ gbé mi mì bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí. Ó dáa, kí ó gbé mi mì dé orúnkún, nítorí n kò sí níbẹ̀, ibì kan sì wà tí mo fi ọwọ́ ara mi tún ṣe.

Nígbà tí Fúnmbí kọ́kọ́ rí ọkùnrin àjèjì náà, inú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà ló dúró sí, níbi tí Fúnmbí ti ń wa ekòló onírun tí àwọn apẹja fi ń ṣe ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀. Ẹrẹ̀ mù ún dé itan. Ó jáde, ó rìn wá bá a, ṣòkòtò funfun rẹ̀ kò sì ní àbàwọ́n kankan.

"Mo mọ ibi tí ọkọ rẹ wà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń júwe ọ̀nà ọjà.

Ọwọ́ Fúnmbí dúró nínú ẹrẹ̀. Láti ìgbà tí Adéfẹ́mi ọkọ rẹ̀ ti tukọ̀ lọ sí Èbúté Ìkòròdú, ọkọ̀ nìkan ni omi dá padà. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò gbà kí wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn láìrí òkú, àwọn obìnrin ìjọ sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Adéfẹ́mi sá fún un ni. Òkú ọkọ rẹ̀ ni Fúnmbí ń wá. Kò wá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi hàn mí."

"Kọ́kọ́ bá mi wá ìyá mi. Inú ẹrẹ̀ yìí ló wà."

Ó mú ekòló gígùn kan nínú abọ́ Fúnmbí. Ó ní àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ń bẹ tí orí rẹ̀ dà bí ìyẹ́ adìyẹ, òmíràn ní ìpẹ́ lẹ́yìn, irun òmíràn sì ń jó ọwọ́ bí iná.

"Wo èyí. Ojú mẹ́rin. Ìwo kékeré méjì. Oríkèé àkọ́kọ́ lẹ́yìn orí kò ní ẹsẹ̀, gbogbo ìyókù ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì, tòun ti irun gán-ún-gán-ún. Bí ìyá mi ṣe rí nìyẹn." Ó fi èékánná tẹ ẹ̀yìn orí ekòló náà. Ọ̀fun rẹ̀ yọ síta bí ìbọ̀sẹ̀ tí a yí inú rẹ̀ sóde, eyín dúdú méjì là, wọ́n sì pa dé bí ẹ̀mú. "Àmọ́ ti ìyá mi kò ní eyín."

Láti ọjọ́ náà, Fúnmbí kò ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́. Abraham, àbúrò Adéfẹ́mi, tó jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ débi pé ìyá wọn a máa ṣì wọ́n pè, sọ ọ́ di ẹlẹ́yà.

"Ìyàwó wa, dókítà eyín ekòló. Èyí tó o tẹ̀ lánàá ńkọ́? Ṣé kò tíì bú ẹ?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, ọkọ mi. Ọjọ́ tí mo bá rí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ̀yin lẹ máa bá mi gbé e."

"Ṣáà pè mí. Màá wá."

Gbogbo ekòló tí Fúnmbí tẹ̀ ló ní eyín. Nígbà tí ó sú u, ó mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ó sì fi yọ eyín ọ̀kan. Ekòló náà lọ́ mọ́ ọn níka ṣinṣin, bí ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Ó fọ ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ nù, ó gbé e lọ.

Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́, ó wo ọ̀fun òfìfo náà pẹ́. Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, Fúnmbí ì bá fẹ́ kó bínú.

"Àmì rẹ̀ pé," ni ó wí. "Báwo ni mo ṣe máa mọ ọkọ tìrẹ láàárín àwọn tó wà nísàlẹ̀?"

"Ó ga, ó pupa, ó ní èjí. Okùn àwọ̀n ti gé ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ dànù."

"Ìyẹn ò ṣòro."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó mú un lọ sẹ́yìn koríko etí omi. Òkú ọkùnrin kan wà nílẹ̀ gbalaja, ẹrẹ̀ bò ó lójú. Ó ga, ó pupa. Ètè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àlàfo sì wà láàárín eyín iwájú. Kò ní ìka kékeré lọ́wọ́ òsì.

"Wò ó fínnífínní. Ṣé àmì rẹ̀ pé?"

"Ó pé, sà. Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an."

Ó ṣubú lé òkú náà, ó sunkún títí. Nígbà tí ó gbójú sókè, ọkùnrin náà ti lọ. Ipasẹ̀ tó fi sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀ jẹ́ ìlà ihò wẹ́wẹ́ méjì, bí ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ gbà kọjá.

Fúnmbí yọ fóònù, ó pe Abraham pé kó wá bá òun gbé e. Fóònù dún. Ó gbé tirẹ̀ kúrò létí, síbẹ̀ ó ń gbọ́ ọ. Lábẹ́ orúnkún rẹ̀ ni ó ti ń dún, nínú àpò ṣòkòtò òkú náà, nínú ọ̀rá tí àwọn apẹja fi ń wé fóònù.

Ìgbà náà ló wá wo ọwọ́ òsì náà dáadáa. Ojú ibi tí wọ́n ti gé ìka ṣì pupa. Èjí náà fẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ sì ń sun níbẹ̀.

Èyí tí mo fi kún un kò pọ̀. Òótọ́ ni ekòló, òótọ́ ni abẹ́rẹ́, òótọ́ sì ni fóònù. Ibi tí mo pè é ní òkú ni mo ti parọ́, mo fi ṣàánú yín ni. Nígbà tí fóònù dún, Abraham la ojú, ó sì gbìyànjú láti dáhùn.