Lẹ́tà Bàbá Nínú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Yíǹkì búlúù wà nímú ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin oníkọ̀ǹpútà kọ́kọ́ rí i, ọmọbìnrin náà ò sì mọ̀. Oníkọ̀ǹpútà ò sọ fún un. Ó fẹ́ máa wò ó bẹ́ẹ̀ ni.

Ilé ìtẹ̀wé ìyá ọmọbìnrin náà ni wọ́n wà. Àwọn oníbàárà tuntun ló ní àwọn ò ní gbé iṣẹ́ wá, àfi tí wọ́n bá fi ètò ayẹ̀wò ààbò sórí kọ̀ǹpútà, èyí tí yóò máa tú gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wò, bóyá olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì lè ráyè wọlé. Ètò yìí ni oníkọ̀ǹpútà wá fi síbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àga," oníkọ̀ǹpútà wí.

"Àga mi rèé. Ẹ jókòó sórí páálí bébà."

Ó jókòó síbẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn.

"Ṣé ètò rẹ yìí lè rí ohun tó wà lọ́kàn èèyàn?" ọmọbìnrin náà béèrè.

"Rárá o. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Lẹ́yìn ìyẹn, ojoojúmọ́ ni oníkọ̀ǹpútà ń wá wo ètò náà, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò sí ohun tó ṣe é. Èmi mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Ayé ìgbà yẹn dùn o: ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òórùn bébà tuntun, àti ẹ̀rín àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà yẹn ni ètò àtijọ́ tí bàbá ọmọbìnrin náà fi ya àwọn lẹ́tà ábídí ẹlẹ́wà wà. Bàbá ti kú. Lẹ́tà rẹ̀ ni ìyá ṣì fi ń tẹ káàdì ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ kan, ètò ayẹ̀wò pe ètò bàbá ní ewu. Oníkọ̀ǹpútà, tí ojú rẹ̀ wà lára olólùfẹ́, kò ka ìkìlọ̀ náà. Ó ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo ewu kúrò, ni lẹ́tà bàbá bá pòórá.

Ìyá wá lẹ́tà náà títí, kò rí i. Ó kọjú sí oníkọ̀ǹpútà.

"Ọkọ mi tún kú lónìí. Yọ ètò rẹ kúrò, kí o máa lọ. Mi ò fẹ́ rí ọ níbí mọ́."

Ọmọbìnrin náà yíjú sógiri, ó ń sunkún. Ọkùnrin náà gbọ́wọ́ sórí bọ́tìnì tí yóò fi yọ ètò náà, àfi bó ṣe dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí mo bá yọ ọ́ báyìí, ó tán nìyẹn. Ètò yìí kì í pa ohun tó bá mú, ó máa ń tì í mọ́lé ni. Bó bá lọ, á kó ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ lọ."

"Kí la máa ṣe?" ọmọbìnrin náà béèrè.

"Ká kọ́kọ́ tú bàbá sílẹ̀, ká tó lé wọ́dà."

Ó já kọ̀ǹpútà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí olè má baà ráyè. Ó tú ètò bàbá sílẹ̀, kó tó wá yọ ti ayẹ̀wò kúrò. Ó ní òun á gbé ìyẹn sórí kọ̀ǹpútà mìíràn fáwọn oníbàárà. Lẹ́tà bàbá yọ. Ìyá fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ.

"Ẹ wo ìrù 'y' yẹn. Mo sọ fún un pé ó gùn jù, kò gbọ́."

Ó nu ojú rẹ̀, ó fa àga kan sún mọ́ oníkọ̀ǹpútà. "Dìde lórí páálí. Jókòó."

Nígbà tí àsìkò tó, ìyá fúnra rẹ̀ ló tẹ káàdì ìgbéyàwó wọn lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn. Ìrù 'y' inú orúkọ ìyàwó gùn títí dé abẹ́ orúkọ ọkọ.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gé e kù díẹ̀," ọmọ rẹ̀ wí.

"Fi í sílẹ̀. Bàbá rẹ ló di ọkọ rẹ mú."