Ìtàn Ayé Tí Kì Í Ṣe Ti Títílọlá

"Sátidé kẹta rèé," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè wí fún Ìdùnnúolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin. "Ìsìn ìrántí ọdún kan ìyá rẹ ku ọ̀sẹ̀ kan péré, àwọn tó fẹ́ bá wa tẹ ìwé ètò ìsìn sì ń retí wa. Jọ̀wọ́, lọ sí Ìjàn lónìí. Màmá, ìyá tó bí Títílọlá, ló mọ bí ìyá rẹ ṣe dàgbà. Wọ́n ní ohun kan wà tí àwọn fẹ́ sọ fún ọ, tí kò ṣeé sọ lórí fóònù."

"Mo ti gbọ́, Dádì. Mo máa lọ."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ìdùnnú, kò sì sí ẹni tó mọ ìwé kọ tó o ní kíláàsì rẹ̀. Ìdí nìyí tí bàbá rẹ̀ fi ní òun ni kó kọ ìtàn ìgbésí ayé ìyá rẹ̀. Àmọ́ gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ikú ìyá yìí ni Ìdùnnú ń sá fún. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó ní orí ń fọ́ òun. Ní èkejì, ó ní àwọn ní ẹ̀kọ́ àfikún níléèwé. Lọ́jọ́ yìí, ó tiẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Ìjàn ní Adó kí Oore-ọ̀fẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó pè é.

"Níbo lo wà? Gbogbo wa ti pé sílé Ìyìn fún ọjọ́ ìbí rẹ̀!"

"Ìjàn ni mò ń lọ. Mo fẹ́ lọ gbọ́ ìtàn mọ́mì mi, kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

Oore-ọ̀fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Nítorí ojú ìwé kan? Ṣebí bákan náà ni gbogbo ẹ̀ ń rí. Wọ́n bí i, ó kàwé, ó fẹ́ràn Ọlọ́run. Ìwé ìsìnkú àǹtí bàbá mi wà nílé wa. Yí orúkọ padà, ó parí."

"Ìjàn, ó ku ẹnìkan!" ni awakọ̀ ń ké. Ìdùnnú wo ọkọ̀ náà títí ẹlòmíràn fi wọ̀ ọ́. Ó yí padà, ó gba ilé Ìyìn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó, ó da ìtàn obìnrin tí kò mọ̀ rí kọ láti inú ìwé ìsìnkú tí Oore-ọ̀fẹ́ fún un. Ibi kan wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ ọn létí gan-an: "Bàbá rẹ̀ ta oko kòkó rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé. Olóògbé kò gbàgbé oore yìí títí ó fi kú." Ìdùnnú kò mọ bàbá ìyá rẹ̀. Bámgbóyè, orúkọ tó rí lórí ìwé ẹ̀rí ìyá rẹ̀, nìkan ló mọ̀. Ó kọ Bámgbóyè síbẹ̀.

"Ṣé o bá Màmá nílé?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"Mo bá wọn, sà. Wọ́n kí yín."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè gba ìwé náà pé kí òun kà á. Ìlà kìíní ni omi ti bo ojú rẹ̀. Ó ká a láìkà á tán, ó sì gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n ti kọ orin àkọ́kọ́ tán kí Màmá tó dé láti Ìjàn. Iwájú pátápátá ni wọ́n fi Màmá sí. Àlùfáà ní kí Ìdùnnú wá ka ìtàn olóògbé. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ kòkó, ó fẹ́ fò ó, ṣùgbọ́n ìwé wà lọ́wọ́ gbogbo ìjọ. Ó kà á. Láti ẹ̀yìn, ẹnìkan nínú àwọn ará ilé Bámgbóyè ké pé, "Ẹ ṣeun, ọmọ wa!"

Màmá yọ gíláàsì ojú wọn. Wọn kò sunkún. Wọ́n dìde, wọ́n sì rọra rìn gba àárín ìjọ jáde. Kí Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè tó sáré bá wọn, wọ́n ti wọ ọkọ̀ padà sí Ìjàn.

Nílé, bàbá Ìdùnnú kò lù ú, kò sì pariwo.

"O ò dé Ìjàn," ló wí.

Ìdùnnú wólẹ̀. "Dádì, mo dà á kọ ni."

"Bámgbóyè tí o dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn, ó ní òun kọ́ ló ni oyún tí Màmá fi bí ìyá rẹ. Ó lé Màmá jáde nínú òjò. Màmá ló ru búlọ́ọ̀kù, tó ru yanrìn, kí ìyá rẹ tó di nọ́ọ̀sì. Ìgbà tó di nọ́ọ̀sì tán ni àwọn ará ilé Bámgbóyè tó wá sọ pé ọmọ àwọn ni. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nìyẹn. Ìyókù, ọ̀dọ̀ Màmá ló wà."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìdùnnú lọ sí Ìjàn láìjẹun. Ó bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ìrẹsì. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Màá kọ ọ́ dáadáa."

"Dìde, ọmọ mi. Mo ti forí jì ọ́." Ọwọ́ Màmá kò kúrò nínú ìrẹsì. "Ọgbẹ́ tí mo ti bò mọ́ra láti ọjọ́ yìí wá ni mo mú ọkàn le pé n ó ṣí fún ọ. Sátidé mẹ́ta ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ tó bá dúró, n ó nàgà wò ó. O ò bọ́ sílẹ̀. Ọkàn yẹn ò sí mọ́. Iyán wà nínú ilé, lọ jẹun."

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí Ìdùnnú kì í lọ sí Ìjàn. Màmá ń bá a sọ̀rọ̀ oko, wọ́n ń bi í léèrè ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti dárúkọ ìyá rẹ̀, wọ́n á dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ní Adó sì ni ìwé náà wà títí di òní, tí Bámgbóyè jẹ́ bàbá rere nínú rẹ̀.

Ìdùnnú kò tún da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá ohun tó bàjẹ́ padà. Àgbà lè forí ji ọmọ, kó má sì lè sọ ohun tó fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà yín bá ní òun ní ọ̀rọ̀ í bá yín sọ, ẹ lọ lọ́jọ́ tó pè yín.