Àdí Inú Etí Modinat

"Ṣé ara le?"

"Ara le, Bùrọ̀dá."

"Imú ńkọ́?"

"Imú mọ́ roro."

Irọ́ ńlá! Láti ìjẹta ni ọ̀fìnkìn ti ń bá Modinat fà á. Ọyẹ́ ọdún náà mú kọjá sísọ. Kí wọ́n tó kúrò nílé ní Ayétòrò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti fi róòbù pa imú, ó ti fun ún títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ti fi ìdí híjáàbù nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó wá dúró létí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìlaró, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Abdulfatah, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ń bi í léèrè. Ìdí ọkọ̀ ojú omi ni Abdulfatah máa ń ha ní èbúté Kútọnu, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n á ki ẹnu rọ́bà bọnu, tí wọ́n á máa mí nísàlẹ̀ omi. Ó ti ṣèlérí fún Modinat àti Roheemat, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, pé ní ọlidé yìí òun á mú wọn lọ sí òkun, níbi tí ọkọ̀ àtijọ́ kan rì sí, tí ẹja aláwọ̀ oríṣiríṣi ti sọ ọ́ di ilé. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe nínú adágún. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, á sì fi Faransé Kútọnu kún un: "Dúsúmọ̀, dúsúmọ̀!" Ẹ rọra, ẹ rọra.

Òfin rẹ̀ ò pọ̀. Ẹnì kan kì í dá wọ omi. Ẹnì kan kì í sé èémí nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sáré gòkè. Èyí tó wá le jù ni pé ẹni tí imú rẹ̀ bá di ò gbọdọ̀ bọ́ sómi rárá.

"Omi wúwo," ó ṣàlàyé fún wọn. "Bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀ náà ló ń tẹ etí yín. Ẹ di imú mú, kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú lọ bá etí. Tí ọ̀fìnkìn bá ti dí ọ̀nà, ibo ni afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà? Etí á bẹ́. Etí tó bá sì bẹ́, nǹkan kan ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́, omi ìwẹ̀ pàápàá. Ẹni tára rẹ̀ ò bá yá, kó sọ. Òkun ò ní sá lọ."

Òkun ò ní sá lọ, kẹ̀! Ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún Modinat? Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìdánwò, ẹni tó bá yege ló ń lọ sí òkun lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo kíláàsì ló sì ti gbọ́. Lábísí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ tó o máa ń sá fún òjò, òkun wo lo fẹ́ wọ̀?" Modinat ti ju èjìká, ó ti fèsì pé, "Dúró dè mí. Fọ́tò ni màá fi dá ẹ lóhùn." Lẹ́yìn irú ẹnu bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ wá sọ pé ọ̀fìnkìn lásán ló dá òun dúró?

Ló bá wọ omi.

Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí etí òsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó di imú mú, ó fẹ́ ẹ. Kò ṣí. Abdulfatah, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fọwọ́ bi í bóyá kò séwu. Modinat fọwọ́ dá a lóhùn pé kò séwu. Wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀. Ìrora náà wá dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un nínú orí, ó tún di imú mú, ó fi gbogbo agbára fẹ́ ẹ.

Nǹkan dún pàá nínú etí rẹ̀. Omi tútù ṣàn wọlé, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Modinat ò mọ òkè mọ́, kò mọ ìsàlẹ̀. Ó ń fọwọ́ wá ibi tó máa dì mú, kò rí. Abdulfatah ló gbá a mú, tó rọra gbé e gòkè.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé etí ni?"

"Rárá o, Bùrọ̀dá. Omi ló bọ́ sí mi nímú."

Abdulfatah wò ó títí. "Mi ò fẹ́ràn bójú ẹ ṣe rí yìí. Mò ń padà sí Kútọnu nírọ̀lẹ́. Tí ara ẹ bá le títí di Sátidé, a ṣì jọ ń lọ. Tí ohunkóhun bá ṣe ẹ́, pè mí."

"Mo gbọ́, sà."

Nígbà tó dé ilé, ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára híjáàbù. Ó fọ̀ ọ́, ó sá a.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá Abdulfatah, ló ń gbé. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà rí i tó fọwọ́ di etí mú.

"Modinat, kí ló ṣe ọ́ létí?"

"Ó kàn ń dùn mí ni, Ìyá Àgbà."

Ó kàn ń dùn mí ni! Nínú ilé yẹn, gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọmọ àdúgbò tí Ìyá Àgbà ò tíì kán àdí sí létí rí. Wọ́n á yá a díẹ̀ nínú ṣíbí lórí iná, wọ́n á fìka tọ́ ọ wò, ọmọ á gbórí lé wọn lẹ́sẹ̀.

Modinat gbórí lé ẹsẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ Abdulfatah ń dún nínú rẹ̀ pé nǹkan kan ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́. Ó la ẹnu. Bó bá sọ, Ìyá Àgbà á pe Abdulfatah, òkun á sì di àlá. Ó pa ẹnu dé.

"Bìsìmílà," ni Ìyá Àgbà wí. Àdí kán wọlé.

Kò pẹ́ tó fi tọ́ àdí náà wò lọ́nà ọ̀fun, ó wá mọ̀ pé etí òun ti lu lóòótọ́. Ẹ̀rù bà á débi pé ó gbọ̀n. Ìyá Àgbà rò pé ìrora ni. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Á lọ."

Kò lọ. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ìyá Àgbà tún kán an, wọ́n tún kán an sí i. Etí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún, ó ń rùn, ara ọmọ gbóná bí iná. Abdulfatah pè. "Ara le, Bùrọ̀dá," ni Modinat wí, etí ọ̀tún ló fi fóònù sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Roheemat nìkan ló lọ sí òkun. Ọsibítù ni wọ́n gbé Modinat lọ.

"Ta ló fi nǹkan sí etí yìí?" dókítà béèrè.

"Èmi ni, dókítà," Ìyá Àgbà dáhùn. "Àdí ni. Bí mo ṣe máa ń ṣe é fún wọn nìyẹn."

Dókítà mi orí. Ó ní awọ inú etí náà ti ya tẹ́lẹ̀, àdí ló wá kó ìdọ̀tí wọ inú lọ́hùn-ún. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ibà lọ, ọyún gbẹ. Ṣùgbọ́n etí òsì kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé, Àṣíáwù aládùúgbò gbé ọmọ rẹ̀ wá. Etí ló ń dùn ún.

Ìyá Àgbà fọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn. "Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, Àṣíáwù. Ọwọ́ mi ti ba tèmi jẹ́."

Ara Modinat ò gbà á. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ọ̀fìnkìn, ohun tó dún pàá, ẹ̀jẹ̀ ara híjáàbù. "Kì í ṣe ẹ̀yin, Ìyá Àgbà. Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin!"

Ìyá Àgbà fà á mọ́ra. "Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló kán an. Ká ní o sọ fún mi, ṣé màá kán an?"

Modinat di ẹsẹ̀ wọn mú. Ó bẹ̀ wọ́n títí, kò sí ohun tó sọ tó mú ọwọ́ náà jáde lábẹ́ ìborùn.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Àìsàn tí a bá sọ, tọmọdé tàgbà ni yóò bá wa wá oògùn rẹ̀. Èyí tí a bá fi pamọ́, ẹni tó fẹ́ràn wa jù lọ ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ bá wa dá kún un.