Ìpè Ìrun Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ

Ìbínú ni Wíza fi kọ́kọ́ pàdé Lotfi. Ó gbé ìròyìn èdè Kabyle, èdè ìbílẹ̀ rẹ̀, dání dé yàrá ìròyìn tẹlifíṣàn ìjọba ní Algiers, àwọn òṣìṣẹ́ ìkànnì elédè Lárúbáwá sì tún ti gba ibẹ̀.

“Ẹ jáde! Ṣé tẹlifíṣàn bàbá yín ni?”

“Tìjọba ni, àǹtí,” ni Lotfi, tó jókòó ti àwọn bọ́tìnnì, dáhùn. “Ṣùgbọ́n ìbínú yín yìí dùn-ún wò ju ìròyìn lọ.”

Wíza rẹ́rìn-ín. Inú tún bí i pé òun rẹ́rìn-ín.

Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi jà títí wọ́n fi di olólùfẹ́. Bàbá Wíza, Bàbá Akli, kò fẹ́ ọmọ Lárúbáwá láti ìlú Oran. Wíza bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà pé kí Lotfi àti ìyá rẹ̀ wá tọrọ òun lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀.

Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí nǹkan dàrú.

“Ayọ̀ mi, aago mélòó la máa pe ìrun Magríbì?” ni Lotfi bi í, ọwọ́ rẹ̀ lórí bọ́tìnnì.

Wíza wo ìwé àkókò. Ojú rẹ̀ lọ tààrà síbi tí wọ́n kọ Béjaïa, ìlú tí wọ́n bí i sí, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ ṣáájú ti Algiers. Ó kà á fún un. Lotfi tẹ̀ ẹ́. Ohùn ládàánì jáde, gbogbo Algiers sì kó dàbínù sẹ́nu. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ṣì kù kí oòrùn Algiers tó wọ̀!

Bàbá Akli ti lá ọbẹ̀ rẹ̀ tán kí mọ́sálásí iwájú ilé tó pe ìrun.

“Oòrùn ṣì ń wò mí, mo ń jẹun! Ta ló tẹ̀ ẹ́?”

Lotfi sọ fún àwọn ọ̀gá pé òun nìkan ló ṣe é. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Akli gbọ́, ó ní kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́.

“Dákẹ́, ọkàn mi,” ni Lotfi wí lórí fóònù. “Wọn ò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwọ náà.”

Wíza dákẹ́. Ìdákẹ́ náà ń jó o nínú bí ata.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, Lotfi àti ìyá rẹ̀, Màmá Zúlíkà, wá tọrọ Wíza láìka ìkìlọ̀ náà sí. Àwọn àbúrò Bàbá Akli méjì wà níjókòó.

“Ọ̀bàyéjẹ́!” ni Bàbá Akli pariwo. “Ọmọ rẹ ba ààwẹ̀ mi jẹ́!”

“Ṣé ilé yín ò ní fèrèsé ni?” Màmá Zúlíkà gbaná jẹ. “Ṣé tẹlifíṣàn ló ń sọ fún yín pé ilẹ̀ ti ṣú?”

“Èmi ni!” Wíza ké. “Àkókò Béjaïa ni mo kà fún un! Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ bò mí mọ́lẹ̀! Lọ́la, màá sọ ọ́ níbi iṣẹ́!”

Bàbá Akli yíjú sí Lotfi, iṣan ọrùn rẹ̀ dìde.

“O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa bú ọ káàkiri àdúgbò?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

“Dákẹ́ ẹnu ẹ!” Ó kọjú sí àwọn àbúrò rẹ̀. “Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ tẹ́wọ́!”

“A tẹ́wọ́ fún kí ni?”

“Fún Fátíhà àdéhùn ìgbéyàwó! Ṣé ẹ fẹ́ kí irú ọkùnrin yìí bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn ni?”

Ó ka Fátíhà náà bí ẹni tó ń pariwo olè, wọ́n ṣe àmín, Wíza sì di ìyàwó àfẹ́sọ́nà.