Òjò Ti Dá, Àgbàrá Ò Tíì Dá

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Káfíńtà kan ti wọ bàtà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ alùpùpù gbá itan ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, jókòó sórí àpótí, ó ń wo fóònù. Ó ti fi ọ̀rá we káàdì ìdánwò rẹ̀ àti aṣọ tó máa pààrọ̀.

"Ilé iṣẹ́ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ti kìlọ̀, Bàbá," ni ọmọ wí. "Wọ́n ní òjò ńlá rọ̀ lórí òkè lóru. Wọ́n ní ká má gba ọ̀nà ìsàlẹ̀."

"Òjò tó rọ̀ lórí òkè, kí ló kàn wá níbí?"

"Omi kì í gbé orí òkè, sà. Ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀."

Bàbá pòṣé. "Èmi tí mo ti ń gba ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó bí ẹ! Lọ́dún tó kọjá, o ní ara ẹ ò yá. Lọ́dún yìí, òjò ni. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, oòrùn ló máa dí ẹ lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ yìí wọ eegun. Ibà ló gbé e ṣánlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe ìmẹ́lẹ́. Olùkọ́ tó ń bójú tó ìdánwò wọn, ọ̀dájú kan báyìí, sì ti sọ pé ẹni tó bá pa á jẹ lẹ́ẹ̀kejì kó gbàgbé ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀rù omi àti ẹ̀rù olùkọ́ wá ń jà nínú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n pe olórí kíláàsì wa. Wọ́n lè sún ìdánwò náà síwájú."

Bàbá já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á, ó sì tì í bọ àpò. "Nǹkan yìí ló ń kó ojo sí ẹ lára!"

Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jiyàn lọ́wọ́, òjò dá lójijì. Oòrùn yọ.

"Ó ti dá!" ni káfíńtà pariwo. "Òjò ti dá! Kí lo tún ń dúró dè?"

"Bàbá, òjò ló dá, àgbàrá ò tíì dá. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà òkè."

"Ọ̀nà òkè jìn. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ."

Ìyá yọjú láti yàrá. "Bàbá ọmọ, ẹ gbọ́ tẹnu ọmọ yìí náà."

"Má dá sí i!"

Ẹnu tiwa fúnra wa ló ń tàn wá jẹ. Tá a bá ti ní òjò ti dá, a ti gbà pé gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn. Ojú ọ̀run nìkan là ń wò, kò sẹ́ni tó ń bi odò léèrè.

Ọmọ gun ẹ̀yìn alùpùpù, bàbá sì gba ọ̀nà ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, omi ti bo ọ̀nà. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti dúró. Obìnrin kan ń pariwo pé, "Ẹ má wọ̀ ọ́ o! Ó ń ru sí i!"

"Omi tí ò dé orúnkún," ni káfíńtà dáhùn.

"Bàbá, a ò rí ilẹ̀ ẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀!"

Bàbá fi ọwọ́ kan dì í mú, ó sì wa alùpùpù wọ inú omi. Wọn ò tíì dé àárín nígbà tí omi pupa ya dé láti òkè pẹ̀lú igi àti pàǹtí. Ó gbé alùpùpù bí ẹni gbé igbá. Ọmọ rí irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dì mú. Alùpùpù sì tẹ ọwọ́ ọ̀tún bàbá mọ́ etí gọ́tà, ó ń lọ̀ ọ́. Àwọn tó dúró ò wọ omi tọ̀ wọ́n, ọpẹ́lọpẹ́ làákàyè wọn. Okùn ni wọ́n jù, òun ni wọ́n fi fà wọ́n jáde.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Ìka wọ̀nyí ò ní lè di ayùn mú mọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, olórí kíláàsì wá. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti sún ìdánwò síwájú nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. "Mo pè ẹ́ títí, kò lọ."

Káfíńtà kọjú sí ògiri.

"Bàbá, inú ń bí mi sí yín," ni ọmọ wí. Kò rẹ ohùn sílẹ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀.

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n dì. "Sọ fún ìyá ẹ kó wá ẹni tó máa ra àwọn irinṣẹ́ mi."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún un."

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka èyí, ojú ọjọ́ ayé ìsinsìnyí ò ṣeé fọkàn tán. Mọ ọ̀nà mìíràn tó o lè gbà dé kíláàsì kí òjò tó ṣú. Gba nọ́ńbà olùkọ́ àti ti ẹlẹgbẹ́ rẹ, má sì jẹ́ kí iná fóònù rẹ kú. Omi tó bá ń ṣàn, tó ò rí ìsàlẹ̀ ẹ̀, má wọ̀ ọ́, ì báà ṣe bàbá tó bí ẹ ló ń fà ẹ́ lọ. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ yéé fi ìbẹ̀rù lé ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ má gbà fún un. Ìdánwò ṣeé tún ṣe, ọwọ́ ò ṣeé tún hù.