Fírísà Kì Í Ṣe Ilé Bátìrì

Ọjọ́ keje tí Hanifah bímọ ni mo dé ilé Màmá Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń tà ní Ọjà Olúwo, Hanifah sì ni ìyàwó ọmọ wọn. Ọjọ́ kejì la fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Bí mo ṣe wọlé báyìí, òórùn ẹyin ọ̀bu ló pàdé mi.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Màmá. Kí ló ń rùn?"

"Fírísà yẹn ni, Fàlílátù. Omi ẹja ti wọ̀ ọ́ lára. Mo fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ara ẹ̀ títí, kò lọ. Àwọn àlejò ò ní wá dimú sí mi lára lọ́la."

Àwo tùràrí ló wà lọ́wọ́ wọn, èédú inú ẹ̀ ti pọ́n. Wọ́n fẹ́ ṣí fírísà náà, kí wọ́n gbé tùràrí sínú ẹ̀, kí wọ́n sì dé e pa.

Èmi sì mọ̀ pé fírísà yẹn ti kú láti èṣí. Mo wá rí wáyà méjì tó nípọn, pupa àti dúdú, tó ti ara ẹ̀ jáde lọ bá ínfátà, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì tan iná, lára ògiri. Ọdún kọkànlá nìyí tí mo ti ń tọ́jú bátìrì ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkòròdú.

"Màmá, ẹ dúró níbẹ̀. Ṣé bátìrì ló wà nínú ẹ̀?"

"Mẹ́rin ni. Ó ní kọ́kọ́rọ́, olè ò lè rí i gbé. Kí ló dé?"

"Ẹ gbé iná yẹn jáde ná."

"Torí tùràrí lásán?" Wọ́n ń kùn, àmọ́ wọ́n gbé e jáde.

Kọ́tìnì kan ló wà láàárín fírísà yẹn àti ibi tí Hanifah sùn sí pẹ̀lú ọmọ. Mo jí i, mo ní kó gbé ọmọ bọ́ síta. Mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Mi ò fọwọ́ kan súwíìṣì kankan nínú ilé, kó má baà ṣáná. Ibi mítà níta ni mo ti pa iná, kí bátìrì yé gbà á. A wá jókòó síta fún ohun tó lé ní wákàtí kan.

"Màmá, bátìrì olómi máa ń tú gáàsì jáde tó bá ń gba iná. Gáàsì yẹn fúnra ẹ̀ kì í rùn, àmọ́ tó bá rí iná báyìí, ó máa bú gbàmù. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ yìí, iná ló ti pọ̀ jù fún bátìrì. Níbi tó láfẹ́fẹ́, gáàsì náà á bá atẹ́gùn lọ. Fírísà ńkọ́? Wọ́n ṣe é kí afẹ́fẹ́ má ráyè jáde ni."

Màmá wo àwo tùràrí, wọ́n wo ọmọ. "Èmi ti lo ayé," wọ́n ní, "ọmọ ọjọ́ méje ńkọ́?" Omi bọ́ lójú wọn.

Inú ló bí èmi. Mo ní kí wọ́n pe Zikrullah, oníṣẹ́ iná tó so ínfátà àti bátìrì náà.

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?" mo bi í bó ṣe dé.

"Àǹtí, Màmá ló ní kí n gbé e síbẹ̀."

"Òótọ́ ni," Màmá ní. "Èmi ni mo fi dandan lé e."

"Ẹja ni Màmá mọ̀, ìwọ lo mọ bátìrì. Tí wọ́n bá ní kó o gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, wàá gbé e síbẹ̀?"

Ó fọwọ́ họ orí. "Mo rò pé tí mo bá kọ̀, wọ́n á pe ẹlòmíràn ni."

Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ á dákẹ́ kí oníbàárà má baà bínú.

Àwa méjèèjì wọ ìbọ̀wọ́ àti awò iṣẹ́, a ṣí fírísà. Bátìrì kan ti wú. Sípánà kan sì nà gbalaja sórí òmíràn, kò tó ìka kan sí ẹnu wáyà; ká ní ó kàn án ni, iná ì bá ṣá.

"Sípánà tí mo ń wá láti oṣù tó kọjá," Zikrullah ní. Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí.

Ọjọ́ yẹn náà la kó bátìrì kúrò níyàrá. Ẹ̀yìn ilé ló wà báyìí, lábẹ́ òrùlé, nínú àpótí onírin tó ní ihò lókè àti nísàlẹ̀, lórí pákó. Ó ní kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú, torí kò sí ẹni tó ní ká ṣílẹ̀kùn fún olè. Èyí tó wú, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba ògbólógbòó bátìrì la gbé e lọ. A ò da omi ẹ̀ sínú ọ̀sà tí à ń jẹ ẹja ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ínfátà, ẹ má tìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ mọ́ bátìrì. Ẹ má gbé e sí yàrá tí èèyàn ń sùn tàbí ibi tí wọ́n ti ń dáná, ẹ má sì kó aṣọ tàbí irin lé e. Omi bátìrì tí kò ní ásíìdì nìkan ni kẹ́ ẹ bù sí i, kì í ṣe omi kànga tàbí omi inú ọ̀rá. Tí omi inú ẹ̀ bá ta sí yín lára, ẹ fi omi tó pọ̀ ṣàn án, kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin oníṣẹ́, ẹ bọ́ òrùka àti aago kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi fíúùsì tó máa gé iná tó bá pọ̀ jù sí i, ẹ fi rọ́bà bo ẹnu wáyà. Èèyàn méjì ni kó máa gbé e. Tí oníbàárà bá ní kẹ́ ẹ gbé e síbi tí kò yẹ, ẹ kọ̀.

Ọmọ ti lórúkọ báyìí, Zàíd ni. Tí ilé yín bá ń rùn bí ẹyin ọ̀bu, tí bátìrì sì wà níbẹ̀, ẹ má dá ẹja lẹ́bi, ẹ má sì ṣáná. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ jáde.