Agolo Tí Kì Í Padà Lófìfo

Lọ́jọ́ tí Sugna kọ́kọ́ rí Bheru, kò rí ènìyàn rárá, eruku ló rí. Eruku ọ̀hún ga ju igi dóńgóyárò lọ, ó funfun bí ìkùukùu ọyẹ́, ó sì ń sín. Bó bá sín báyìí, gbogbo oko á mì tìtì, àwọn àparò inú koríko á fò lọ sí ìpínlẹ̀ kejì láì dágbére. Nígbà tó ṣe, eruku náà la ojú méjì, ó fi eyín hàn, ó ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá mi rí ẹsẹ̀ mi? Ó wà níbí lẹ́ẹ̀kan."

Sugna rẹ́rìn-ín débi pé gbòǹgbò tó dì mú bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà ìkórè asgandh ni, gbòǹgbò tí wọ́n fi ń ṣe oògùn. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní ilẹ̀ Malwa lásìkò òtútù, imú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dé abúlé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé. Gbòǹgbò asgandh ń rùn bí ẹṣin tó sáré tó làágùn. Òórùn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹṣin gidi tó bá ń kọjá fi máa ń dúró, á máa wò yíká, á rò pé àwọn ẹbí òun wà nítòsí. Síbẹ̀, ohun tó ń rùn yìí ni ayé ń wá. Wọ́n á gún un kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ wàrà gbígbóná. Wọ́n ní ẹni tí ara rẹ̀ wúwo á fúyẹ́, ẹni tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀, oorun á padà wá bẹ̀ ẹ́.

Tí ìkórè bá dé, àáró ni wọ́n máa ń ṣe, abúlé kan á wá ran èkejì lọ́wọ́. Àáró ló gbé Bheru àti ìyá rẹ̀ àgbà, Dhapu, wá láti òdìkejì odò sí oko Nanuram, bàbá Sugna. Àwọn ọkùnrin ń fa gbòǹgbò tu, wọ́n ń fi kùmọ̀ lu erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù. Sugna jókòó sábẹ́ dóńgóyárò, ó ń ṣà á: èyí tó sanra lọ́tọ̀, èyí tó mọ níwọ̀n lọ́tọ̀, èyí tó tín-ín-rín bí irùngbọ̀n eku lọ́tọ̀. Èyí tó bá ṣiyè méjì sí, á ṣẹ́ ẹ. Èyí tó dára á dún pẹ́kẹ́, inú rẹ̀ á sì funfun bí ìyẹ̀fun.

Bheru ló ń gbé apẹ̀rẹ̀ wá bá a. Apẹ̀rẹ̀ kìíní, ó ti da gbogbo rẹ̀ rú.

"Ìwọ yìí, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Irùngbọ̀n eku lo kó sáàárín àwọn tó sanra!"

"Wọ́n sanra lójú ìyá wọn."

"Èmi kọ́ ni ìyá wọn. Jókòó, kó o ṣà wọ́n kúrò."

Bheru jókòó. Ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń yọ egungun ẹja fún ọmọ ọba. Ìgbín ì bá ti lọ sí Mumbai kó sì padà kó tó ṣe tán. Apẹ̀rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"O ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni," Sugna wí láì gbójú sókè.

"Tí mo bá kó o dáadáa, ṣé wàá tún pè mí?"

Sugna tẹrí ba mọ́ òkìtì rẹ̀. Àmọ́ etí rẹ̀ pọ́n bí èso asgandh tó gbó nínú èèpo rẹ̀. Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ mìíràn dé, Bheru gbé e sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Sugna tú u wò dé ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló sanra, kò sí tín-ín-rín kan níbẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́ ṣá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú irùngbọ̀n eku kan látinú òkìtì tirẹ̀, ó jù ú sáàárín wọn, ó wá figbe ta:

"Bheru! Wá wo ohun tó o ṣe!"

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n wá ń sá gbòǹgbò lórí òrùlé ilé Nanuram tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Oòrùn ìgbà òtútù rọra ń bọ́ lé wọn lórí bí oyin. Afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn ẹṣin, oko jẹ́ẹ́, èéfín ilé Dhapu ń gòkè lódìkejì odò, ó rí bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi ọ̀já funfun juwọ́ sí wọn. Bí àwọn méjèèjì bá ń yí gbòǹgbò padà níbẹ̀, á dà bí ẹni pé òrùlé náà ti tú kúrò lára ilé, tó ń léfòó lọ pẹ̀lú wọn.

"Mú ọwọ́ rẹ wá," ni Bheru máa ń wí, "kí n wò ó bóyá ó máa dún pẹ́kẹ́."

"Tó bá dún, eyín rẹ náà á dún."

Ọ̀kan nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Sugna sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, bàbá òun kì í sùn. Á kàn dùbúlẹ̀, á la ojú sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ àjà. Ọkùnrin tí asgandh rẹ̀ ń fi oorun kun ìdajì ayé!

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o," ó wí.

"Kí ẹnu mi hù koríko tí mo bá sọ ọ́," Bheru dáhùn.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni lóòótọ́. Ó kàn bẹ ìyá rẹ̀ àgbà pé nígbà tí wọ́n bá ń lọ tọrọ Sugna, kó ṣe ládù asgandh dání, èyí tí wọ́n máa ń fi ṣúgà ìrèké àti bọ́tà yíyọ́ ṣù róbótó. Dhapu ṣe é. Bọ́tà ibẹ̀ pọ̀ débi pé ládù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ rìn dé ilé Nanuram fúnra rẹ̀. Ó kó o sínú agolo tó fẹ́ràn jù, ó sì gbé àgbọn dání bí àṣà. Bí bàbá ọmọ bá ti gba àgbọn tó gbé e wọlé, ó parí, ó ti gbà nìyẹn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Àwọn àgbà jókòó, láwàní wọn tóbi bí òkìtì ọ̀gán. Ara Nanuram yá, ó ti na ọwọ́ sí àgbọn. Bheru tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ ṣáà ṣí agolo.

Òórùn ẹṣin gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.

Níbẹ̀, ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń fún ní ládù asgandh: obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, arúgbó tí orúnkún rẹ̀ ń dún, àti opó ọkùnrin tó fẹ́ gbé ọmọge níyàwó. Mangu tó ń gbé nítòsí, tí kò ní iṣẹ́ méjì ju ká fi ènìyàn ṣẹ̀sín lọ, fo dìde:

"Nanuram! Ṣé o bímọ ni, àbí ìyàwó tuntun ń bọ̀?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín débi pé láwàní kan yí bọ́ sínú àgbàlá, àgùntàn sì gbé e sá lọ. Nanuram náà rọ́jú, ó ń fi ẹ̀rín ẹ̀yìn ètè dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà ì bá kọjá bẹ́ẹ̀, ká ní Bheru pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

"Rárá o, ẹ̀yin bàbá," ó wí. "Kí Bàbá lè rí oorun sùn ni. Sugna ní wọn kì í sùn láti ìgbà tí ìyá ti kú."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn. Nanuram yíjú wo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú yẹn ì bá sàn kó jẹ́ ìgbájú. Ó ti àgbọn padà.

"Ẹ gbé nǹkan yín. Ọmọ oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Mandsaur ti ń bẹ̀ mí. Ilé tí wọn kì í ti í ka àárẹ̀ bàbá síta ni ọmọ mi máa lọ."

Ìtìjú lé Dhapu àti ọmọ ọmọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú àgbọn wọn, wọ́n sì gbàgbé agolo.

Sugna pàdé Bheru létí odò lọ́jọ́ kejì. Ó ti sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí odò fi kún sí i.

"Koríko dà? Ṣebí o ní ẹnu rẹ á hù ú?"

"Bá mi gbìn ín, Sugna. Ó yẹ mí."

"Ìdílé Mandsaur ń gbé àgbọn tiwọn bọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni mo tú àṣírí rẹ̀, kì í ṣe ìwọ nìkan."

Bheru bẹ̀rẹ̀ létí omi. Ó bu omi bọ́jú, ó wẹ̀ ẹ́ títí, bí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, ó dé ojúde Nanuram lóun nìkan. Bàbá náà jókòó lórí ibùsùn okùn. Sugna dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń tẹ́tí.

"Kí lo tún wá ṣe?"

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá. Agolo Ìyá Àgbà ni mo wá gbà. Wọ́n ní tí mi ò bá gbé e dé, kí n má wọlé."

Nanuram wúkọ́. Ó wo òrùlé, ó wo ìtàkùn ọgbà, ó tún láwàní tó wà dáadáa ṣe.

"Agolo wo?"

"Èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn yín yẹn, Bàbá."

Kò sí ibi tó máa gbà. Ó fà á jáde. Bheru gbé e, agolo fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ó mì ín, kò dún. Ó ṣí i: wọ́n tilẹ̀ ti fi ìka nu bọ́tà ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bheru, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, pa á dé, ó wo ilẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló tú Nanuram. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Ìyá Sugna ló máa ń sè é fún mi. Nígbà tó lọ, mo ní n kò tún ní gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo rò pé tí mo bá ń sùn dáadáa, á jẹ́ pé mo ti gbàgbé rẹ̀. Mo wá ní kí n tọ́ ọ̀kan wò, kí n lè fi bú ìyá rẹ àgbà. Oorun sì gbé mi. Ọmọ, ṣé o mọ ẹni tí mo bá níbẹ̀? Òun ni. Ó jókòó, ó ń ṣa gbòǹgbò. Ó bi mí pé níbo ni mo wà látọjọ́ yìí." Ó fi etí láwàní nu imú. "Èmi ń la ojú sílẹ̀ dè é, òun sì wà nínú oorun tó ń dúró dè mí."

Sugna jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún bàbá rẹ̀. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ bà lé irun rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n máa lọ, Bàbá," Bheru wí, ohùn rẹ̀ kéré.

"Dúró níbẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé agolo kúrò nílé Nanuram lófìfo? Ìgbà wo ni wọ́n ti ń dá ohun èlò aládùúgbò padà láì fi nǹkan sí i?"

Ó wọlé. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ṣí àpótí, tó ń ti ìkòkò, bí ẹni pé ogun wọlé. Nígbà tó jáde, àgbọn ló gbé dání. Ó gbìyànjú láti tì í sínú agolo, kò wọ̀ ọ́. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, òógùn bò ó. Níkẹyìn, ó gbé agolo lé ọwọ́ Bheru, ó sì gbé àgbọn lé agolo lórí.

"Gbé e bẹ́ẹ̀. Kí ìyá rẹ àgbà mú un padà wá fún mi níwájú àwọn àgbà, Mangu náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Màá ránṣẹ́ sí Mandsaur. Àti ládù, kó ṣe sí i. Ta ni yóò máa gbé e wá fún mi?"

"Èmi ni," Bheru wí.

"Àwa ni," Sugna wí.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà lọ́jọ́ Akha Teej, ọjọ́ ọdún tí wọ́n gbà pé ó dára fún ìgbéyàwó, nígbà tí ooru ti dé. Oúnjẹ pọ̀ débi pé àwọn ajá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má fún wọn mọ́. Nígbà tí ọ̀sán rọ̀, tó ku kí ìyàwó dágbére fún bàbá rẹ̀, wọ́n wá Nanuram tì. Orí ibùsùn okùn lábẹ́ dóńgóyárò ni wọ́n ti bá a, ó fi láwàní bo ojú, ó ń hanrun.

"Ẹ jí i!" ni Mangu ké.

"Ẹ má jí i," Sugna wí.

Àwọn onífèrè gbé fèrè kúrò lẹ́nu. Gbogbo èrò ìgbéyàwó dákẹ́, wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn kọjá, ṣaworo ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ò sì ta pútú. Sugna bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i: láwàní tó bo ojú náà ti tutù rin, omi ń kán láti etí rẹ̀ bọ́ sórí okùn ibùsùn, ẹkún sì ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ìhanrun náà.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó rọra wí pé, "Ẹ sùn dáadáa, Bàbá," ó sì lọ fi ọwọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ ọkọ rẹ̀.